Ọ̀gá Tó Lé Àmì Kúrò ní Báǹkì

Bí ẹ bá rí ẹni tó ní òun kò fẹ́ràn ìtàn ọ̀gá tó ṣubú, ẹ wò ó dáadáa, ọ̀gá ni. Àwa tó kù, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ra. Ìtàn yìí kò ní ogun, kò sì ní iwin. Báǹkì ló dá lé, báǹkì ìjọba, èyí tó tóbi jù nílẹ̀ náà, tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ń tò síwájú rẹ̀ láràárọ̀.

Báǹkì náà ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún. Inú yàrá kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àpótí irin kan, tábìlì kan, àti akọ̀wé méjì tí wọ́n jọ ń lo ìgò tàdáwà kan ṣoṣo. Kò pé ọdún kan tí wàhálà fi dé. Oníbàárà méjì ló wà, káfíńtà kan àti alágbẹ̀dẹ kan, tí orúkọ wọn bára mu lẹ́tà sí lẹ́tà, tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló yà wọ́n. Akọ̀wé kọ orúkọ láìfi àmì sí i, ó sì kó owó alágbẹ̀dẹ fún káfíńtà. Káfíńtà fi ra pákó. Alágbẹ̀dẹ gbé òòlù wá sí báǹkì. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, àwọn tó dá báǹkì sílẹ̀ ṣòfin pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan ti fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà nísàlẹ̀ ilé. Yàrá Àmì ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì ń jókòó níbẹ̀ ni Ìyá Àmì.

Ìyá Àmì ìgbà tí mò ń wí yìí ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lórí àga kan náà. Bírò pupa ló ń lò. Kì í pariwo, kì í rojọ́, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá dé iwájú rẹ̀ láìní àmì, á wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó jáde síta láìwọ ṣòkòtò. Ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì.

Ó wá kan ọ̀gá wa. Nígbà tí ìjọba gbé e wá, Ọ̀gá Àgbà ni oyè tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní ó kéré. Ó fi Jùlọ kún un. Nígbà tó di ọdún kejì, ó fi Pátápátá kún un, wọ́n sì ní láti gbé ilẹ̀kùn tó fẹ̀ sí i wá kí oyè náà lè rí àyè. Àwọn òṣìṣẹ́, tí ẹnu wọn kì í dilẹ̀, gé e kúrú. Jùlọ ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Níwájú rẹ̀, odindi oyè náà ni, láìfo ọ̀kankan.

Lójoojúmọ́, ní aago mẹ́jọ, gbogbo òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀ ilé á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ agbéniròkè láti pàtẹ́wọ́ fún un títí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà yóò fi pa dé. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ náà kò tètè gbéra, ìpàtẹ́wọ́ kò gbọdọ̀ dúró. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n pa á fún ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n sọ ní Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń jẹun.

Jùlọ ní kí wọ́n kọ ìtàn báǹkì náà sínú ìwé fún àjọ̀dún ọgọ́rin ọdún. Wọ́n kọ ọ́. Ọdún márùndínlọ́gọ́rin àkọ́kọ́ gba ojú ìwé kan, ọdún márùn-ún tirẹ̀ gba ọ̀ọ́dúnrún ojú ìwé ó lé méjìlá. Lójú ìwé kan ṣoṣo yẹn náà, àwòrán rẹ̀ gba ìdajì. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tó kọ fúnra rẹ̀ lọ báyìí: "Ṣáájú mi, báǹkì yìí wà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun wà." Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni kà á, ó nu ojú, ó ní omijé ni.

Ẹ má rò pé ọkàn ọkùnrin yìí balẹ̀ o. Ohun kan ń jẹ ẹ́ lára. Ọdún márùn-ún tí ìjọba fún un ń parí lọ. Lẹ́yìn àjọ̀dún ni Alákòóso Ìṣúná máa kọ lẹ́tà sí i, bóyá kó lo ọdún márùn-ún mìíràn, bóyá kó máa lọ sílé. Jùlọ kò fẹ́ lọ sílé. Nílé, ìyàwó rẹ̀ kì í pàtẹ́wọ́.

Ó ku oṣù mẹ́ta kí àjọ̀dún pé nígbà tí oníṣẹ́ pátákó gbé àwòrán kan wá. Wọ́n fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà báǹkì síwájú ilé alájà mẹ́sàn-án náà, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga ju ènìyàn lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà láti ìgbà àpótí irin: Ọ̀WỌ̀ LA FI Ń TỌ́JÚ OWÓ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó mú kékeré wá àti ẹni tó mú ńlá wá, ọ̀wọ̀ kan náà ni wọ́n máa rí gbà.

Jùlọ wo àwòrán náà, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Kí ni àwọn nǹkan wọ̀nyí?"

"Àmì ohùn ni, Ọ̀gá Àgbà Jùlọ Pátápátá," ni oníṣẹ́ pátákó wí.

"Mo rí i pé àmì ni. Kí ló ń wá lókè?"

"Òkè ni ibùgbé wọn, sà."

"Lórí ọ̀rọ̀ mi?"

Oníṣẹ́ pátákó wo Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni. Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni wo bàtà ara rẹ̀.

Jùlọ dìde. Nígbàkigbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ dìde, kódà bó jẹ́ omi ló fẹ́ béèrè. "Ẹ fetí sílẹ̀," ni ó wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, kò sí ohun tó wà lórí mi àfi òrùlé, òrùlé náà, mo ti ní kí wọ́n tún un kùn. Báwo wá ni ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìlà tí kò tó ìpéǹpéjú, ṣe máa gun orí ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ sí? Tí àwọn kan yóò tún sápamọ́ sí abẹ́ lẹ́tà, tí wọ́n ń ṣe kóńkó bí ẹni tó jẹ gbèsè? Ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ ló nílò àmì. Ta ni nílẹ̀ yìí tí kò mọ ohun tí mò ń sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, sà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni kí?"

"Kò sí, sà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n."

Bí òfin tuntun ṣe jáde nìyẹn. Kò gbọdọ̀ sí àmì kankan lórí tàbí lábẹ́ lẹ́tà kankan nínú ìwé báǹkì, nínú lẹ́tà, lára ilẹ̀kùn, lára ife tíì. Ìwé tó bá sì wọlé pẹ̀lú àmì, ibi yòówù tó ti wá, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, kí wọ́n dá a padà. Òǹtẹ̀ náà kà báyìí: E YO AMI KURO.

Wọ́n gbé pátákó náà gòkè. Ní ibùdókọ̀ tó dojú kọ báǹkì, télọ̀ kan gbójú sókè, ó ka OWO LA FI N TOJU OWO.

"Owó la fi ń tọ́jú ọwọ́," ni ó kà. "Ẹ ẹ̀ rí i? Wọ́n ti wá kọ ọ́ síta báyìí, kí a má bàá wá lọ́wọ́ òfo."

"Ẹ ò kà á re," ni olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì dá a lóhùn. "'Ọwọ̀ la fi ń tọ́jú owó' ni. Wọ́n ń gbá a jáde ni."

Gbogbo èrò ibùdókọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn kan nínú báǹkì kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, wọ́n rí ọ̀nà. Bí àgbẹ̀ bá wá yá owó láti fi ra irúgbìn, akọ̀wé ẹ̀yáwó á bi í pẹ̀lú sùúrù pé, "Bàbá, ṣé ẹ ka iwájú ilé wa kí ẹ tó wọlé?" Á wá na àtẹ́lẹwọ́.

Jùlọ ránṣẹ́ pe Ìyá Àmì sókè.

"Ìyá, mo gbọ́ pé ẹ ti ń fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò tíì rẹ̀ yín?"

"Kò tíì rẹ̀ mí, sà. Tí n kò bá fà á, ẹni tó ń kà á ló máa ń rẹ̀."

Jùlọ kò fẹ́ràn ìdáhùn tó ní orí àti ìrù. "Mo ti rí iṣẹ́ tó níyì fún yín," ni ó wí. "Àwọn oníbàárà wa ń gbé agbòòrùn wọlé nígbà òjò, ilẹ̀ ń tutù. Ẹ óò máa gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ óò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ óò máa jẹ́ Olùdarí Ètò Agbòòrùn."

Ẹni tó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì kì í bá ọ̀gá jà. Ìyá Àmì kó bírò pupa rẹ̀ sínú báàgì, ó lọ jókòó sínú yàrá kótópó kan lẹ́nu ọ̀nà, láàárín agbòòrùn. Ó dùn ún gan-an. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó sunkún, ṣùgbọ́n ó dúró di ọjọ́ tí òjò rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má mọ omi tó jẹ́.

Nígbà tó ṣe, lẹ́tà kan dé láti ọ́fíìsì Alákòóso, ó ń kí báǹkì kú oríire ọgọ́rin ọdún. Ọmọ olùkọ́ ni Alákòóso, àmì wà lórí lẹ́tà rẹ̀ rẹ́gírẹ́gí, kò sí ọ̀kan tó sọnù. Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni gbé e wọlé.

"Ti Alákòóso ni, sà."

"Àmì wà lórí rẹ̀?"

"Ó wà, sà. Ṣùgbọ́n ti Alákòóso ni."

"Òfin mi kì í wojú ẹnikẹ́ni."

Wọ́n lu lẹ́tà Alákòóso ní òǹtẹ̀, wọ́n dá a padà. Alákòóso rò pé àṣìṣe ni, ó tún fi í ránṣẹ́. Wọ́n tún dá a padà. Lẹ́yìn náà, wọn ò gbọ́ ohùn Alákòóso mọ́, Jùlọ sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọkùnrin náà ti mọ̀ báyìí irú ẹni tí òun jẹ́. Òótọ́ ló sọ, ó kàn jẹ́ pé kò mọ ibi tí òótọ́ náà kọjú sí.

Ó tó ọdún mẹ́ta tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń da àkọsílẹ̀ owó oníbàárà kọ láti inú àwọn ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ gidi ni, ọ̀pọ̀ ojú ló fọ́ sí i. Ó parí nígbà tí àjọ̀dún ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Jùlọ ní kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo oníbàárà, kí wọ́n lè mọ ohun tí òun ṣe fún wọn. Àwọn oníkọ̀ǹpútà kọ ọ́ wá báyìí pé báǹkì ti kọ àkọsílẹ̀ owó kálukú láti inú ìwé sínú ẹ̀rọ tuntun, pé kò sí ohun tó yí padà, pé kí wọ́n má ṣe ìyọnu.

"Ó gùn jù," ni Jùlọ wí. "Ẹni ńlá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀." Ọkùnrin yìí kan náà ló sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì nígbà tó ń ṣí ilé ìtọ̀ tuntun. Ó mú bírò, ó gé ọ̀rọ̀ náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ohun tó kù nìyí:

Onibara wa owon, a ti ko owo yin tan. E se o.

Oyè rẹ̀ tó fi sísàlẹ̀ gùn ju iṣẹ́ tó ń jẹ́ lọ.

Nígbà tí Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni ń gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà, ó yà gba agbòòrùn rẹ̀. Ìyá Àmì rí ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ ka èyí sí mi létí."

"A ti kọ owó yín tán," ni ó kà.

"Ẹ tún un kà, kí ẹ ṣe bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ní báǹkì."

Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni tún un kà sínú. Ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé ìdí 'ko', ètè náà dúró. Ó wo Ìyá Àmì, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"A ti kó owó yín tán," ni Ìyá Àmì bá a parí rẹ̀. "Ẹ ṣé o."

Lójú ẹsẹ̀, ó kọ ìwé pélébé kan sí ọ̀gá: Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í ránṣẹ́ láìfi àmì sí i, wọn óò ṣì yín gbọ́. Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni sáré gbé e gòkè. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi gbé e sọ̀kalẹ̀ padà. Òǹtẹ̀ ti wà lórí rẹ̀: E YO AMI KURO. Ìyá Àmì wo ìwé ara rẹ̀, ó rí i pé òun ti fi àmì sí i láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ tó ti mọ́ra kò mọ òfin.

"Ẹ ò sì fi ẹnu sọ ọ́ fún un?"

"Mo sọ ọ́," ni Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni wí. "Mo ní, 'Sà, bóyá ká...' Ó ní, 'Bóyá?' Mo wá ní..."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, mà."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní aago méje, wọ́n jù ú sílẹ̀ sórí gbogbo fóònù ilẹ̀ náà.

Jùlọ ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù ìyàwó rẹ̀ dún. Ìyàwó kà á, ó rọra gbé ife kalẹ̀.

"Dádì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Fi kí ni ṣe?"

"Owó mi. Àkántì tí mo ti fi pa mọ́ fún yín láti ọdún mẹ́jọ. Ẹ wá a rí, ẹ kó o, kò tó yín, ẹ tún wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"A ti kọ ọ́ ni mo wí. Kọ! Bí ẹni ń fi bírò kọ̀wé."

"Ohun tó wà níbí kọ́ nìyẹn."

"Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn."

"Ọkàn yín kọ́ lẹ fi ránṣẹ́ sí mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì wọlé lọ múra. Òun náà ń bọ̀ ní báǹkì.

Kí Jùlọ tó dé ibi iṣẹ́, àwọn èrò ti kún òpópónà. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbà mú un wọlé. Ó gòkè dé àjà kẹsàn-án, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí orí ènìyàn lọ súà.

"Ẹ wò ó," ni ó wí, ohùn rẹ̀ gbọ̀n fún ayọ̀. "Wọn ò tilẹ̀ lè dúró de ọjọ́ àjọ̀dún. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi." Ó nawọ́ sí wọn. Wọ́n ké. Ó tún nawọ́. Bàtà kan fò sókè, kò ju àjà kejì lọ, ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Nísàlẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì náà gbé fóònù rẹ̀ sókè. Gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ abẹ ojú ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Dókítà ti dá ọjọ́. "Mo ti rí olè rí," ni ó ń wí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. "N kò tíì rí olè tó kọ̀wé dúpẹ́." Télọ̀ nawọ́ sí pátákó iwájú ilé, ó ní, "Wọ́n kúkú ti kìlọ̀ fún wa."

Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni wá ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rù, ohun tó ń ṣẹlẹ̀. "Ẹ kàn sọ̀kalẹ̀, sà. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ohùn yín, ó parí."

"Èmi? Kí n lọ dúró sórí ilẹ̀, kí n máa bá télọ̀ sọ̀rọ̀?" Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ó ní kí wọ́n gbé aṣọ funfun gbọọrọ tí wọ́n rà fún àjọ̀dún wá, kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sí i ní lẹ́tà ńláńlá, kí wọ́n ta á sórí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kọ ọ́ bó ṣe pè é. Àwọn èrò gbójú sókè nígbà tí aṣọ náà ń tú sílẹ̀. Wọ́n kà á:

A O SAN OWO YIN

Ẹ̀yin náà ẹ kà á, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ á rí ìlérí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún láàárọ̀ pé wọ́n kó owó òun, kí ló máa rí?

"A ò san owó yín!" ni ẹnì kan kígbe. Gíláàsì àkọ́kọ́ fọ́.

Yàrá agbòòrùn wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, gíláàsì sì bọ́ síwájú Ìyá Àmì. Ó jáde. Ó wo aṣọ náà, ó mí kanlẹ̀. Bírò pupa rẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan sí lẹ́tà tó ga tó ọmọdé. Ó padà wọlé, ó mú agbòòrùn dúdú kan tó gùn, tí wọ́n ti pa dé, ó gbé àga síta, ó gùn ún. Ìsàlẹ̀ aṣọ náà kò jìnnà sí orí rẹ̀. Ó na agbòòrùn náà sókè, ó gbé e dẹ̀gbẹ́ sórí O tó tẹ̀lé A, ìdí rẹ̀ sápá òsì, orí rẹ̀ lọ sókè sápá ọ̀tún. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò gbé e kúrò.

Wọ́n wò ó. Òkúta wà lọ́wọ́ àwọn kan síbẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ rí i.

"Ohùn òkè ni!" ni ó pariwo. "Ẹ dúró, ẹ dúró! Ohùn òkè ló fi sí i. A ó san. A ó san owó yín!"

"A ó san?" ni télọ̀ béèrè.

"A ó san," ni Ìyá Àmì dáhùn láti orí àga. "Ohun tí wọ́n sì fẹ́ sọ láàárọ̀ ni pé wọ́n ti kọ owó yín sínú ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó kó o. Ẹ tò wọlé ní méjì-méjì, kí ẹ wá fojú ara yín rí i. Ẹ dákun, ẹnì kan bá mi di àga yìí mú."

Alákòóso náà wà lẹ́yìn èrò, nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà, oníbàárà báǹkì náà ni, ó sì ti fóònù sí i láàárọ̀ pé wọ́n ti kó owó òun. Ó rí aṣọ, ó rí àga, ó rí agbòòrùn. Ó béèrè ẹni tí obìnrin náà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà nítòsí, wọ́n ròyìn fún un. Kò wọlé. Ó ní kí awakọ̀ yí padà. Olùkọ́ rí owó rẹ̀ pé kí ọ̀sán tó pọ́n, ó mú èyí tí dókítà béèrè, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà Alákòóso dé. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀ o, ó pa òfin ilé yìí mọ́ dáadáa. Jùlọ fọwọ́ ara rẹ̀ ya á. Gbólóhùn kan péré ló wà nínú rẹ̀: Ki e ma wa si ise lati ola.

"Kí ẹ máa wá sí iṣẹ́ láti ọ̀la!" ni Jùlọ kà, ó ń rìn yí tábìlì po. "Ọdún márùn-ún mìíràn! Ṣé o rí i pé ó ti yọ àmì kúrò? Ó ti tẹrí ba."

Bẹ́ẹ̀-Náà-Ni gba lẹ́tà náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde. "Ó ṣeé ṣe, sà," ni ó wí.

Lọ́jọ́ kejì, Jùlọ wọ aṣọ tó dá fún àjọ̀dún, ó fín lọ́fíńdà kan, ó fi òmíràn lé e. Nígbà tó dé ẹnu géètì, ẹ̀ṣọ́ kò ṣí i. Àwọn oníbàárà ti tò lọ gbọọrọ.

"Wọ́n ní kí ẹ má wá, sà," ni ẹ̀ṣọ́ wí.

"Máa wá ni wọ́n ní kí n ṣe. Máa! Òpè ni ọ́, wò ó." Ó fi lẹ́tà hàn án.

"Èmi ń ka 'má', sà."

"Èmi ń ka 'máa'."

Ìyá Àmì ló ń bọ̀ yẹn, pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ọ́fíìsì Alákòóso ti fóònù sí i lálẹ́ àná pé kó padà sí Yàrá Àmì. Ẹ̀ṣọ́ na lẹ́tà sí i, ó ní kó bá àwọn dá ẹjọ́ náà. Jùlọ wo bírò pupa tó ń jáde nínú báàgì. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Lẹ́tà kékeré kan ni. Ẹ kàn fi 'a' kan kún un."

"Ẹni tó kọ ọ́ ló mọ ohùn tó fẹ́, sà," ni Ìyá Àmì wí. "Ẹ bi í."

Jùlọ yọ fóònù. Ó wo àwọn tó tò, ó wo ẹ̀ṣọ́, ìgbéraga rẹ̀ tún gbérí. Ó pe Alákòóso, ó ṣí ohùn fóònù náà síta kí gbogbo ayé lè gbọ́. "Alákòóso, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi là á fún àwọn aláìmọ̀kan kan níbí. Ṣé kí n máa wá ni, àbí kí n má wá?"

"Ẹ má wá," ni Alákòóso wí. Kò gbé ohùn rẹ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ.

Fóònù náà kú. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín nínú àwọn tó tò, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ìyá Àmì gbé lẹ́tà náà lé ẹ̀yìn báàgì rẹ̀, ó fi bírò pupa fa ìlà kékeré kan sórí 'a' inú 'ma', ó fi àwọn àmì tó kù sí i títí dé òpin gbólóhùn, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ. Ó nà án sí Jùlọ.

"Ó ti tọ́ báyìí, sà."